Kí Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì Tó Dé: Bọ́ńbádọ̀n àti Ìgbà Èwe Victor Ọláìyá

Bí a bá dárúkọ Victor Abímbọ́lá Ọláìyá láàárín àwọn tí ó gbọ́ orin háílàìfù ní ìgbà èwe wọn, ohun mẹ́ta ni ó máa ń sọ sí wọn lọ́kàn: tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìnujú funfun, àti ohùn tí ó kọ “Ọmọ Pupa”. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìgbésí-ayé rẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò kọjá. Gbólóhùn náà sọ pé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, bọ́ńbádọ̀n àti French horn ni ó kọ́kọ́ kọ́ láti fọn. Lẹ́yìn èyí, àwọn òǹkọ̀wé a sáré lọ sí Èkó, sí ọ̀dọ̀ Bobby Benson, àti sí ibi àsè tí wọ́n ṣe fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà fi jókòó ti fèrè ńlá kò gbà ju ìlà kan lọ.

Ìlà kan yìí ni ó yẹ kí a tú wò. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí bọ́ńbádọ̀n jẹ́, àti ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ ọmọdé ní Nàìjíríà, kò lè ṣàlàyé bí ọmọ àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Isu, nítòsí Ìkọ̀lé-Èkìtì, ṣe di olórin tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Ohun mìíràn ni pé ẹ̀rí tí ó lè la ọ̀rọ̀ náà yé ni ti ń dínkù lójoojúmọ́.

Bọ́ńbádọ̀n ni orúkọ tí àwọn ọmọ-ogun àti àwọn ẹgbẹ́ onífèrè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe fèrè idẹ tí ó tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jù. Tuba ni àwọn ẹlòmíràn ń pè é. Ìlú Berlin ní Jámánì ni Wilhelm Wieprecht àti Johann Gottfried Moritz ti gba ìwé-àṣẹ lórí tuba àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1835. Irú méjì ni àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ ń lò. Bí a bá tú èyí tí ó kéré, kí a sì nà án tọ̀ọ̀rọ̀, yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13. Èyí tí ó tóbi yóò gùn tó 18. Ọmọdé tí a bá gbé e lé lẹ́sẹ̀ kò lè fi ẹnu lásán fọn ọ́n. Èémí ni ó ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wà nísàlẹ̀ orin, kí ó máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ sí fún àwọn tí ń yan, kí ó sì máa sọ ibi tí ohùn fi ìdí kalẹ̀ sí fún àwọn fèrè yòókù.

Ẹni tí ó dàgbà sí àárín dùndún lè ṣi ọ̀rọ̀ yìí lóye. Nínú dùndún, ìyáàlù tí ó tóbi ni ó ń ki ọba, òun ni ó ń pa òwe, tí ó sì ń pe ènìyàn ní orúkọ baba rẹ̀. Àwọn omele ní tiwọn di ìlù mú lójú kan, wọn kì í yẹsẹ̀. Bọ́ńbádọ̀n tóbi bí ìyá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ omele ni ó ń ṣe. Fèrè kékeré, ìyẹn kọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ni ó ń sọ̀rọ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé orúkọ olórí ẹgbẹ́ ni ó máa ń ṣẹ́kù sínú ìwé, tí orúkọ ẹni tí ó gbé ẹrù tí ó wúwo jù sì máa ń ṣègbé.

Àwọn ọmọ-ogun ni wọ́n gbé fèrè wọ̀nyí wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àkókò ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Àṣáńtì jà, láti 1873 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù West Indies wà ní Cape Coast, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gánà lónìí. Orin ìyan àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a fọn ti ilẹ̀ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń gbọ́ méjèèjì. Kí ọdún 1890 tó pé, àwọn náà ti ń fi fèrè idẹ fọn orin tiwọn, èyí tí a ń pè ní adaha. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ìlú kéékèèké tí agbára wọn kò ká fèrè idẹ fi ohùn àti ìlù rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì di kónkómà, tí òun náà rìn dé ilẹ̀ Yorùbá. Owó ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, kì í ṣe ọgbọ́n. Odidi ẹgbẹ́ onífèrè idẹ jẹ́ ohun tí ìjọba, ìjọ Ọlọ́run, ilé-ìwé tàbí àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú nìkan lè rà.

Ní Èkó, àwọn ọmọ-ogun àti ọlọ́pàá ní onífèrè tiwọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Sàró àti àwọn ọmọ Àgùdà ń ṣe kọ́ńsáàtì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì ń polongo rẹ̀ nínú ìwé-ìròyìn. Ìjọ Salvation Army, tí a kò lè ya orúkọ rẹ̀ kúrò lára fèrè idẹ níbikíbi ní ayé, dé Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 1920. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ìgboro Èkó láàárín 1920 sí 1940 ni Calabar Brass Band, tí Azukwo Bassey jẹ́ olórí rẹ̀. Wọ́n ní kọ́nẹ́ẹ̀tì, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, trombone, clarinet, tuba àti ìlù ìyan. Wọ́n ṣe àwo orin fún ilé-iṣẹ́ Parlophone, orúkọ tí a sì tẹ̀ sí ara àwo náà ni Lagos Mozart Orchestra. Orúkọ yìí lè pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé ìgboro ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ó fi irú iyì tí àwọn ará Èkó ń wá nínú fèrè idẹ hàn.

Ní Calabar kan náà ni a bí Victor Ọláìyá sí, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1930. Òun ni ogún nínú ọmọ mẹ́rìnlélógún. Bàbá rẹ̀, Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá, àti ìyá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀ṣà-Isu, tí ó wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé nínú Ìpínlẹ̀ Èkìtì òde òní. Ọlọ́rọ̀ ni bàbá náà. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń wádìí, nítorí pé ó ń sọ fún un pé kí ó má wá ọmọ náà sí àárín àwọn tí wọ́n ń fi agolo àti pákó ṣe ìlù kónkómà. Ibi tí owó fèrè ti wà ni kí ó wá a sí.

Olùwádìí gbọdọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Ẹgbẹ́ tí a fi Calabar pè wà ní Èkó. Ọmọ tí a bí ní Calabar kọ́ bọ́ńbádọ̀n, ó sì lọ sí Èkó nígbà tí ó jáde ilé-ìwé. Ó rọrùn láti so òkùn méjèèjì pọ̀ kí a sì sọ pé Bassey ni ó bí Ọláìyá nínú orin. Kò sí ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rí gbà wá láyè láti sọ ni pé Calabar jẹ́ ìlú tí fèrè idẹ ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fi lè wá jẹ gàba lórí ìgboro Èkó. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí irú ìhà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí ń jẹ́ bọ́ńbádọ̀n.

Ìbéèrè tí ó wá kàn ni pé báwo ni ọmọ tí ó kọ́ fèrè tí ó tóbi jù ṣe di ọ̀gá lórí fèrè kékeré? Ó dàbí ẹni pé alágbẹ̀dẹ ni ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó di alágbẹ̀dẹ wúrà. Ìdáhùn wà nínú àṣà àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ irú ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ orin mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni a fi ń kọ àmì orin fún gbogbo fèrè láti orí kọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé bọ́ńbádọ̀n, àfi trombone tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ohun mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀ lára kọ́nẹ́ẹ̀tì, irú wọn náà ni ó wà lára bọ́ńbádọ̀n. Bí àmì kan nínú ìwé bá sọ fún onikọ́nẹ́ẹ̀tì pé kí ó tẹ àkọ́kọ́ àti èkejì pọ̀, ohun kan náà ni ó ń sọ fún onibọ́ńbádọ̀n. Ohùn tí yóò jáde ni kò ní dọ́gba. Iṣẹ́ ìka kò yàtọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kò jinlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn awakùsà ni ó kún inú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ẹlòmíràn gbọdọ̀ lè bọ́ sí ipò rẹ̀ láì tún padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n kan náà wúlò fún ilé-ìwé ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jáde lọ́dọọdún. Ọmọ bọ́ńbádọ̀n tí ó bá fẹ́ di onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ti mọ ìwé, ìka rẹ̀ sì ti mọ ọ̀nà. Ètè rẹ̀ ni yóò tún kọ́, kí ó lè le, kí ó sì lè fún pọ̀. French horn tí Ọláìyá tún kọ́ nira ju méjèèjì lọ ní ti ètè, nítorí pé bí ètè bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn mìíràn ni yóò jáde. Ẹni tí ó bá ti ipasẹ̀ bọ́ńbádọ̀n ní èémí, tí ó sì ti ipasẹ̀ French horn ní ètè, kò ku ohun púpọ̀ tí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì lè fi dẹ́rù bà á. Bí a bá wò ó bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kúkúrú tí àwọn òǹkàwé ń fò kọjá ni ó ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ọ̀nà ilé-ìwé yìí kì í ṣe ti Ọláìyá nìkan. E. T. Mensah ará Gánà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ Tempos gbé háílàìfù tuntun wọ Nàìjíríà láti 1950, ti inú ẹgbẹ́ onífèrè ilé-ìwé jáde ní Accra, lábẹ́ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Joe Lamptey. Louis Armstrong pàápàá, ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn sí ní New Orleans ni ó ti rí ẹ̀kọ́ tí ó nítumọ̀ gbà ní 1913, wọn kò sì kọ́kọ́ gbé kọ́nẹ́ẹ̀tì fún un. Nínú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n pinnu ọmọ tí yóò gbé fèrè ńlá àti èyí tí yóò gbé kékeré.

Ìyókù ìtàn Ọláìyá ti di mímọ̀, kò sì yẹ kí a pẹ́ níbẹ̀. Ní 1951 ó yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà sì gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò lọ. Orin ni ó yàn, inú àwọn òbí rẹ̀ kò sì dùn. Ó bá Sammy Akpabot ṣiṣẹ́, ó bá Bobby Benson ṣiṣẹ́, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Cool Cats, sílẹ̀ ní 1954. Wọ́n ṣeré fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní 1956, àti ní ibi àsè òmìnira ní 1960. Fẹlá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ó tó lọ sí London ní 1958. Tony Allen onílù náà gba ibẹ̀ kọjá. Nínú ẹgbẹ́ háílàìfù wọ̀nyí, dùùrù olókùn ńlá tí a ń fi ìka ta ni ó gba ipò bọ́ńbádọ̀n nísàlẹ̀ orin. Ẹni tí ó bá fetí sí bí ìsàlẹ̀ ṣe dúró gbọn-in nínú àwọn àwo Ọláìyá lè gbà pé aṣáájú tí ó ti ìsàlẹ̀ gòkè wá ni ó ń darí wọn.

Ní ti ìwádìí gan-an, àwọn ibi tí a lè wá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí kò pọ̀, olúkúlùkù sì ní àléébù tirẹ̀. Ìwé-ìròyìn àtijọ́, bí Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891, Daily Times ti 1926 àti West African Pilot tí Azikiwe bẹ̀rẹ̀ ní 1937, wúlò fún ọjọ́ kọ́ńsáàtì àti orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì tí ó wá wòran. Ilé àkójọ-ìwé ìjọba ní Ìbàdàn ní àwọn fáìlì Ẹkùn Èkìtì ti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn dára fún ìtàn ìdílé, owó-orí àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá fèrè níbẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó rí i.

Àwo giramafóònù ni ó dàbí ẹni pé yóò sọ òtítọ́ jù. Títí di 1925, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀, tuba ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo máa ń lò dípò dùùrù olókùn ńlá, nítorí pé ẹ̀rọ ìgbà náà kò gbọ́ ti olókùn dáadáa. Onituba nígbà náà kò ṣeé yọ sílẹ̀. Síbẹ̀ àwo kì í dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ orin mẹ́tàlélógójì sínú àwo ní London ní 1922, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lára àwo Lagos Mozart Orchestra, orúkọ ẹgbẹ́ ni a rí. A ń gbọ́ èémí ọkùnrin kan, a kò sì mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́.

Bí ẹ̀rí bá ṣọ̀wọ́n, ìtàn àròbájọ a tètè gba ipò rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn Ọláìyá fúnra rẹ̀. A máa ń rí i kà pé òun àti Louis Armstrong jọ gun orí ìtàgé kan náà ní 1963, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó ní Ààrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn-àjò ńlá tí Armstrong rìn káàkiri Áfíríkà, tí ó fi dé Nàìjíríà, wáyé ní òpin 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1961. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bá irú èyí pàdé kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, kò sì gbọdọ̀ dà á kọ bẹ́ẹ̀. Kí ó lọ sí ìwé-ìròyìn ọdún méjèèjì, kí ó ṣí ojú-ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé náà jẹ́ ẹ̀rí. Ní 1933, bàbá Ọláìyá ra ilé kan ní òpópónà Bámgbóṣé, ní Erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez ni wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ni, Ilojo Bar sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí fún orílẹ̀-èdè. Ọdún 1956 yìí kan náà ni ọmọ onílé fọn fèrè níwájú Ọbabìnrin. Ó ṣòro láti rí ìdílé Èkìtì mìíràn tí irú nǹkan méjì bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láàárín oṣù méjìlá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé náà lulẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2020, Ọláìyá fúnra rẹ̀ kú, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Láàárín ọdún mẹ́rin péré, ilé àti onílé lọ.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé, wọn kò sì mọ̀ pé ohun kan ni àwọn ní. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ní láti kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Isu. Kí ó kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, kí ó jókòó, kí ó sì kọ́kọ́ gbọ́ oríkì ilé kí ó tó béèrè ohunkóhun. Bí ó bá béèrè pé, “Ǹjẹ́ ẹ mọ Victor Ọláìyá?” tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti Ọbabìnrin ni wọn yóò ròyìn fún un. Kí ó béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ sí Calabar nínú ìdílé náà, ẹni tí ó tẹ̀lé e, àti àwọn tí wọ́n padà wálé.

Ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́, àti ní gbogbo ibi tí ilé-ìwé ìjọ àtijọ́ tàbí ẹgbẹ́ Boys’ Brigade bá ti ní onífèrè, kí olùkọ́ béèrè fún fọ́tò. Olórí ẹgbẹ́ máa ń jókòó ní àárín, àwọn ọmọ tí ó gbé fèrè kékeré a sì yí i ká. Kí ó wo ọ̀wọ́ tí ó wà lẹ́yìn, níbi tí ọmọ kan ti dúró tí fèrè bo ìdajì ojú rẹ̀. Kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá tí ó ni fọ́tò náà, kí ó sì rọra fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ àti orúkọ ẹni tí ó sọ fún un.